Ìṣẹ́jú Kẹtàdínlógún

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbéra ní Wuse ní ìdájí Ọjọ́rú,
èmi, Danlami awakọ̀, àti fáìlì aláwọ̀ ewé kan
tí ọ̀gá mi Tersoo ti kọ ìparí ètò sínú rẹ̀
kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí ìwé, ó gún régé.
Ọjọ́ mẹ́rin fún yíyàwòrán.
Dírónù: ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn sójà.
Jẹnẹrétọ̀: ẹ má yá a, ẹ ra bátìrì.
Oúnjẹ èèyàn méje. Ọ̀gá fa ìlà pa á, ó kọ márùn-ún,
kò sọ ẹni méjì tí yóò gbààwẹ̀.
Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún:
bàbá arúgbó dúró létí omi, ó sunkún.

A kọjá Akwanga, a gun òkè Hawan Kibo,
ọkọ̀ ń mí bí aláìsàn,
ọyẹ́ wọlé tì wá láìsan owó ọkọ̀.
Kaneng ń dúró dè wá ní Bukuru,
olùkọ́ ni, súwẹ́tà méjì ló wọ̀ lé ara wọn,
òun ni yóò túmọ̀ èdè Berom fún mi.
Ó ní, “Àwọn ará yín ti wá rí, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Àwọn kan ya bàbá ní fọ́tò, wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́.
Ó ṣì ń retí rẹ̀.”
Mo ṣí fáìlì. Kò síbi tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí.

Òyìnbó wá tánńganran níbẹ̀ nígbà kan,
ó kó o lọ, ó gbàgbé ihò.
Òjò rí ihò, ó sọ ọ́ di adágún,
àwọ̀ rẹ̀ bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lẹ́wà. Ojú tì mí, mo pa á rẹ́.

Bàbá Davou kò sí létí omi.
Inú oko tòmátì la bá a,
ó ń bá ẹ̀rọ ìfami jà, ó ń bú u.
Ó fún wa ní ẹ̀pà. Ó gbé okùn kan jáde,
okùn oníkókó méjìlélógún:
lọ́dọọdún tí ẹ̀rùn bá mú, ó ń wọn jíjìn omi náà.
Ta ló bẹ̀ ẹ́? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ló sọ ti Gyang.
Ọmọ náà ń lé ewúrẹ́ lọ,
ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi pamọ́ kí àbúrò rẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́.
“Mo mọ ibẹ̀,” ni bàbá wí. “N kò yọ ọ́.”
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi.
Mo fẹ́ wí fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Mo wo omi tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa,
mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kaneng kò tètè túmọ̀ ìyókù.
Nígbà tó yá ó ní, “Ó ti tán.
Ó ní tí ẹ bá gbé kámẹ́rà dé,
òun á sọ ti okùn, òun á sọ ti tòmátì.
Èyí tó sọ lónìí, ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún.”

Lóru, iná lọ ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo tan fóònù sórí fọ́ọ̀mù.
Ṣé ẹni yìí lè sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà? Bẹ́ẹ̀ ni.
Ṣé yóò sunkún?
Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.
Ta ni yóò ríran nínú ẹkún tí a kọ sílẹ̀ fún bàbá?
Mo fa ìlà pa ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún.
Mo kọ: *Okùn. Ọwọ́. Kókó kan, kókó kejì.
Kí kámẹ́rà má sún mọ́ ọn.*

Tersoo pè. “Ẹkún dà?”
Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo tún ìṣirò owó náà ṣe:
oúnjẹ èèyàn mẹ́rin.
Fọ́tò kan. Férémù rẹ̀ pẹ̀lú.